Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ mi ń kú láàárín ọ̀sà: kí ni kí n kọ́kọ́ yẹ̀ wò?

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́ Ajé, 8:14 alẹ́)

Ẹ̀yin àgbà ojú omi, ẹ kú alẹ́ o. Ọkọ̀ fíbà ni mo fi ń kó èrò láti Ìjẹ̀dẹ̀ lọ sí Badore. Ẹ́ńjìnnì Yamaha 40 ló wà nídìí rẹ̀, two-stroke, èyí tí a ń po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀. Ó ti gbé ìwà kan wọ̀ báyìí tí kò yé mi. Láàárọ̀, bí mo bá fa okùn, kì í pẹ́ tó fi ń jí. Ní èbúté, kò sí wàhálà. Bí a bá kúrò létí omi tí mo fún un níná dáadáa, á sáré lọ títí a ó fi sún mọ́ ibi tí àwọn tó ń wa yanrìn máa ń wà. Níbẹ̀ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, ohùn rẹ̀ á máa lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á sì kú. Bí mo bá fún pọ́ǹpù ọwọ́ ara họ́ọ̀sì, ìyẹn rọ́bà tí a ń fún kí epo lè wọlé, tí mo tún fa okùn, á jí, a ó lọ díẹ̀ sí i, á tún kú. Bí mo bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kì í kú.

Mẹkáníìkì tó ń bá mi mójú tó o ti pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, kò yàtọ̀. Ó ní kí n wá owó kọ́ìlì, èyí tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, ó tún ń sọ pé ó lè di pé kí a tú gbogbo ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Owó ńlá nìyẹn, mi ò sì fẹ́ ná an nígbà tí mi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe é. Àwọn ìyá tó ń kó ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà ló ń wọ ọkọ̀ mi, àwọn ọmọ ilé-ìwé náà ń wọ̀ ọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Atúkọ̀Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:31 alẹ́)

Àbúrò, ṣé o ń tú síkúrù kékeré tó wà lórí ìdérí táńkì kó o tó gbéra? Táńkì tí kò mí kò lè fún ẹ́ńjìnnì lépo. Bí epo bá ń jáde tí afẹ́fẹ́ kò rọ́pò rẹ̀, táńkì á di epo náà mú ni. Kọ́kọ́ wo ìyẹn kó o tó gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni.

Dókítà_Ẹ́ńjìnnì (Ọjọ́ Ajé, 8:50 alẹ́)

Kọ́ìlì ni. Bí kọ́ìlì tó ti gbó bá gbóná, iná rẹ̀ á gé; bó bá tutù, iná á padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣe dáadáa láàárọ̀ tó wá ń kú lójú ọ̀sà. Mẹkáníìkì rẹ kò purọ́ fún ẹ. Ra ojúlówó, má ra ayédèrú. Kí o tún wo wáyà tó lọ sí bọ́tìnnì ìpaná, níbi tí okùn pupa tí a ń so mọ́ ara wà. Bí wáyà yẹn bá ti bó tó ń fara kan irin, á máa pa ẹ́ńjìnnì bí ọkọ̀ bá ti ń gbọ̀n.

BàbáÀyétòrò (Ọjọ́ Ajé, 9:22 alẹ́)

Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́ o. Má tíì ra kọ́ìlì.

Dókítà, mo bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ṣùgbọ́n ẹ tún ohun tí ọmọ yìí kọ kà. Ó ní ohùn ẹ́ńjìnnì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú. Iná tó bá gé kì í fún èèyàn láyè bẹ́ẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan náà ló ń pa á, bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ nínú ilé. Ó tún ní bí òun bá fún pọ́ǹpù ọwọ́, ẹ́ńjìnnì á jí. Kọ́ìlì tó gbóná kò ní í torí pé a fún rọ́bà kó tutù. Ọ̀rọ̀ epo ni àmì méjèèjì yìí ń sọ. Epo tí ẹ́ńjìnnì ń mu ju èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí kì í fi í kú bó bá ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, nítorí ìwọ̀nba tó ń wọlé ti tó o nígbà náà.

Ohun tí wàá ṣe nìyí, kò sì ní ná ẹ ju epo díẹ̀ lọ. Mú ẹni kan tó mọ ọkọ̀ wà dání. Ẹ má kó èrò, ẹ má jìnnà sí etí omi, kí ẹ̀yin méjèèjì wọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, kí àjẹ̀ àti ìdákọ̀ró wà nínú ọkọ̀. Kí ẹnì kejì máa wà á ní iná kíkún, bí ẹ́ńjìnnì ṣe lè sáré tó. Ìwọ jókòó ti táńkì, di pọ́ǹpù ọwọ́ mú, ṣùgbọ́n má fún un. Ẹ máa lọ títí yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, kí o wá fiyè sí ohun tí rọ́bà náà ń ṣe lọ́wọ́ rẹ.

Bó bá ń sún wọnú, tó pẹlẹbẹ mọ́ ọ lọ́wọ́, ẹ́ńjìnnì ń fa epo, epo kò wá. Ìdíwọ́ náà wà láàárín táńkì àti ọwọ́ rẹ. Ihò afẹ́fẹ́ tí Atúkọ̀Ẹ̀pẹ́ sọ wà níbẹ̀, asẹ́ ìsàlẹ̀ páìpù tó ń fa epo nínú táńkì wà níbẹ̀, họ́ọ̀sì fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Bí kò bá pẹlẹbẹ, tó kàn rọ̀, tí ẹ́ńjìnnì sì ń sọjí nígbà tó o bá fún un, ó lè jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ń yọ́ wọlé níbi ìsopọ̀ kan, tàbí kó jẹ́ pé awọ inú pọ́ǹpù epo ara ẹ́ńjìnnì ti gbó.

Bó bá le gbagidi tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń kú, epo ti kọjá ọwọ́ rẹ nìyẹn. Asẹ́ epo ara ẹ́ńjìnnì àti kabúrétọ̀, níbi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ló kù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ kọ́ìlì tó lè wọlé.

ÌyáOlókọ̀_Báyékú (Ọjọ́ Ajé, 9:47 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o. Èmi kì í tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àwọn ọmọ tó ń bá mi wa ọkọ̀ ló ń ṣe é, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń san owó. Mo fẹ́ kí ẹ wo epo fúnra rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan sípánà.

Ọ̀pọ̀ wa ló ń ra epo nínú kéègì létí èbúté. Kéègì yẹn ti sùn síta nínú òjò, ìdérí rẹ̀ kò dé dáadáa, a kò mọ ohun tí wọ́n fi gbé tẹ́lẹ̀. Kódà èyí tó ti ilé epo wá kì í fi gbogbo ìgbà dára. Ẹ rántí oṣù kejì 2022, nígbà tí epo tí methanol, irú ọtí oníkẹ́míkà kan, pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ orílẹ̀-èdè yìí, tí wọ́n ní kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà, tí gbogbo Èkó wá tò sórí ìlà. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì ń ba rọ́bà jẹ́.

Bu epo láti ìsàlẹ̀ táńkì rẹ, kì í ṣe láti òkè, sínú ìgò funfun tó mọ́ kedere. Dé e, gbé e sí ibi tó jìnnà sí iná àti sí oòrùn, kó sinmi mọ́jú. Omi wúwo ju bẹntiróòlù lọ, ìsàlẹ̀ ló máa jókòó sí. Bí o bá rí ìlà tó là wọ́n, o ti rí nǹkan.

AraÀjàṣẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 10:05 alẹ́)

Mo kí yín láti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, kpayo, epo fàyàwọ́ tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì, ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ń lò, nítorí náà ọ̀rọ̀ ìgò tí Ìyá sọ yẹn, a mọ̀ ọ́n dáadáa. Mo fẹ́ fi nǹkan kan kún un. Bí ẹ bá ti po ọ́ìlì mọ́ epo, àwọ̀ ọ́ìlì lè mú kí ìlà omi má hàn, pàápàá bí omi náà bá kéré. Ẹ kán aró oúnjẹ pupa díẹ̀ sínú ìgò náà, èyí tí àwọn aṣekéèkì ń lò. Aró yẹn kì í wọnú bẹntiróòlù. Inú omi ló ń wọ̀. Bí ìsàlẹ̀ ìgò bá pọ́n, omi wà níbẹ̀, kò sí àríyànjiyàn.

Kìràkìtà40 (Ọjọ́ Ajé, 10:18 alẹ́)

Ẹ ti ń jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn jù. Àbúrò, yọ asẹ́ epo ara ẹ́ńjìnnì kúrò, so họ́ọ̀sì tààrà, epo á máa wọlé dáadáa. Kí o sì fi ọ́ìlì kún un, lítà kan sí kéègì 25. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é ní tiwa, ọkọ̀ wa ń lọ.

Mẹkáníìkì_Àpápá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ gbogbo ilé. Kìràkìtà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ ẹlẹ́rò nírú ìmọ̀ràn yẹn. Mo máa dáhùn rẹ̀ ní kíkún nítorí àwọn mìíràn tó máa kà á.

Asẹ́ tí ẹ ní kó yọ, òun ló ń dá èérí dúró kó tó dé kabúrétọ̀. Inú kabúrétọ̀ ni jẹ́ẹ̀tì wà, ihò rẹ̀ kéré gan-an, èérí tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí lè dí i. Bó bá dí lápá kan, ẹ́ńjìnnì á máa gba afẹ́fẹ́ ju epo lọ. Ara rẹ̀ á gbóná jù, písítìn á jẹ ara rẹ̀. Bí asẹ́ bá dọ̀tí, ẹ fọ̀ ọ́ tàbí kí ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ kékeré ni, ife rẹ̀ wà lára ẹ́ńjìnnì níbi tí ojú ti lè rí i, ẹ sì lè rí omi tó bá ti rọ̀ sí ìsàlẹ̀ ife náà.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì: lítà kan sí lítà 25, 25:1 nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì tuntun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ là ń po irú ẹ̀ fún. Fún irú ẹ́ńjìnnì yìí tó ti ń ṣiṣẹ́, 50:1 ni, ìdajì lítà sí lítà 25. Ẹ tún wo ìwé ẹ́ńjìnnì yín, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló bára mu. Ọ́ìlì two-stroke ti ojú omi ni kó jẹ́, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Kì í ṣe ọ́ìlì mọ́tò. Bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, púlọ́ọ̀gì á dúdú, á lómi, ẹ́ńjìnnì á máa rú èéfín, á sì ṣòro láti jí.

Mo wá fẹ́ kí ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ fọkàn sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ju gbogbo èyí tó ṣáájú lọ. Inú epo ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì yìí wà. Kò ní ibòmíràn tó ti ń rí ọ́ìlì. Bí epo kò bá dé, ọ́ìlì náà kò dé nìyẹn, nígbà tí ẹ́ńjìnnì sì wà ní iná kíkún. Gbogbo ìgbà tó bá ń fà sẹ́yìn tó o tún ń fipá mú un sáré, gbígbẹ ni písítìn ń ṣiṣẹ́. Ohun tó lè jẹ́ àtúnṣe họ́ọ̀sì lónìí lè di ẹ́ńjìnnì tó dì pa lọ́la. Má fi kó èrò mọ́ títí ẹ ó fi rí ìdí rẹ̀. Bó bá sì fà sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń dán an wò, dín iná rẹ̀ kù lójú ẹsẹ̀.

Kìràkìtà40 (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:15 àárọ̀)

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì yẹn ni mi ò tíì gbà. Ní tiwa, ọkọ̀ wúwo, ẹrù pọ̀, ẹ́ńjìnnì wà ní iná kíkún látàárọ̀ dalẹ́. Ọ́ìlì díẹ̀ kò tó o.

Mẹkáníìkì_Àpápá (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:29 àárọ̀)

Ẹ̀gbọ́n, bí ẹrù bá wúwo, abẹ̀bẹ̀ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, èyí tó ń ti ọkọ̀ lábẹ́ omi, tó bá ẹrù yẹn mu ni ẹ máa wá, kì í ṣe ọ́ìlì. Ohun tí ẹ bá fi kún ọ́ìlì nínú lítà kan, epo lẹ yọ kúrò. Ẹ tú púlọ́ọ̀gì yín wò lónìí. Bí orí rẹ̀ bá dúdú tó ń yọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti dá yín lóhùn.

ÀtàriBàdágìrì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:02 àárọ̀)

Kò tíì sẹ́ni tó bi í nípa omi. Ǹjẹ́ omi ń tú jáde lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́? Omi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń tú yẹn ló ń jẹ́ ká mọ̀ pé ìmpẹ́là ń gbé omi gòkè wá tu ẹ́ńjìnnì nínú. Ní tiwa ní Bàdágìrì, láti 1984 tí koríko orí omi yẹn ti gba ọ̀nà Àjàṣẹ́ wọlé sí wa, kò tíì fi wá lọ́rùn sílẹ̀. Ó máa ń wé mọ́ ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì, á bo ihò tó ń fa omi. Ọ̀rá píọ̀-wọ́tà tún burú jù ú lọ. Ọ̀rá kan ṣoṣo tó bá lẹ̀ mọ́ ojú ihò yẹn, omi kò ní gòkè mọ́, ẹ́ńjìnnì á gbóná, á rẹ̀ ẹ́, á kú. Bó bá sinmi, ọ̀rá náà á já bọ́ fúnra rẹ̀, ẹ́ńjìnnì á tún jí, olúwa rẹ̀ kò ní mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

BàbáÀyétòrò (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀)

Òótọ́ lo sọ nípa ọ̀rá. Ó yẹ kó wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó bá gbóná débi tó fi kú kì í jí lójú ẹsẹ̀ torí pé a fún pọ́ǹpù ọwọ́. Á ṣòro láti fà pàápàá. Ẹ jẹ́ ká dúró gbọ́ ohun tí ọwọ́ ọmọ yìí bá sọ.

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:36 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin àgbà. Ọlọ́run á túbọ̀ fún yín lókun. Mi ò kó èrò lónìí. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ jáde, òun ló wa ọkọ̀, èmi di pọ́ǹpù ọwọ́ mú.

Síkúrù orí ìdérí ti ṣí sílẹ̀ dáadáa. Kódà, a tú ìdérí táńkì pátápátá fúngbà díẹ̀ kí ó lè dá wa lójú, ó ṣì fà sẹ́yìn. Omi ń tú lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ó sì ń tú dáadáa. Ṣùgbọ́n rọ́bà yẹn! Bí ohùn ẹ́ńjìnnì ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ ni mo rí i tó ń sún wọnú lábẹ́ ìka mi, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi dín iná kù, rọ́bà náà tún wú padà díẹ̀díẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì kú.

Mo bu epo sínú ìgò látàárọ̀, mo kán aró sí i bí AraÀjàṣẹ́ ṣe wí. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pọ́n, kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó pọ́n.

Dókítà_Ẹ́ńjìnnì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:10 ìrọ̀lẹ́)

Bí rọ́bà bá pẹlẹbẹ bẹ́ẹ̀, ọ̀nà epo ni kí o tọ̀. Fún ẹni tí tirẹ̀ bá ń kú lójijì láìfà sẹ́yìn, ọ̀rọ̀ kọ́ìlì mi ṣì wà nílẹ̀. Kí ó yẹ iná púlọ́ọ̀gì wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú, nígbà tó ṣì gbóná. Tó bá tutù kó tó yẹ̀ ẹ́ wò, kò ní rí nǹkan kan. Kó di ara púlọ́ọ̀gì mọ́ irin ẹ́ńjìnnì, kó jìnnà sí ibi tí epo ti dà sílẹ̀.

Atúkọ̀Ẹ̀pẹ́ (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:22 ìrọ̀lẹ́)

Omi díẹ̀ yẹn kọ́ ló ń jẹ́ kí rọ́bà pẹlẹbẹ. Omi máa ń jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì ta kọ́kọ́kọ́, kó máa já lójijì. Ìṣòro méjì lo ní: omi inú epo, àti ohun tó ń dí epo lọ́nà. Lọ yá táńkì àti họ́ọ̀sì ẹlòmíràn tó ń lo irú ẹ́ńjìnnì kan náà, so ó mọ́ tìrẹ, jáde. Bó bá sáré dáadáa, ẹ́ńjìnnì rẹ kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Lẹ́yìn náà, lo táńkì tìrẹ pẹ̀lú họ́ọ̀sì tó o yá. Ibi tí àìsàn náà bá tẹ̀ lé, ibẹ̀ ló wà.

ÌyáOlókọ̀_Báyékú (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:45 ìrọ̀lẹ́)

Kí o sì gbẹ epo tó wà nínú táńkì yẹn kúrò, fọ táńkì, jẹ́ kó gbẹ. Má da epo náà sínú ọ̀sà, ọmọ mi. Ẹja tí a ń jẹ ló wà níbẹ̀.

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 4:12 ọ̀sán)

A ti rí i!

Mo yá táńkì àti họ́ọ̀sì lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan ní èbúté. Ẹ́ńjìnnì sáré dé Badore, ó sáré padà, kò fà sẹ́yìn rárá. Mo wá gbé táńkì tèmi padà, mo fi họ́ọ̀sì tirẹ̀ sí i: ó sáré. Mo fi họ́ọ̀sì tèmi sí táńkì tirẹ̀: ó kú. Mi ò ní kí n tún dán nǹkan kan wò mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Ní ìta, họ́ọ̀sì náà dà bí tuntun, kò sán, kò bó. A fi abẹ là á láti òpin dé òpin. Awọ inú rẹ̀ ti ṣí kúrò lára ògiri, láàárín táńkì àti pọ́ǹpù ọwọ́. Ó rọ̀, ó wú, bí mo bá fi ìka pa á, dúdú á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Kó tó di pé a là á, bí a bá fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i jẹ́jẹ́, ó ń kọjá. Bí a bá fà á pẹ̀lú agbára, awọ yẹn á ká, á dí ojú ọ̀nà. Asẹ́ ìsàlẹ̀ páìpù inú táńkì náà ní ìdọ̀tí pupa rẹ́súrẹ́sú lára, mo ti fọ̀ ọ́. Họ́ọ̀sì yẹn kò tíì pẹ́ tí mo rà á, ẹni tó tà á fún mi ní ti bẹntiróòlù ni.

BàbáÀyétòrò (Ọjọ́bọ̀, 4:40 ọ̀sán)

A dúpẹ́. Ìyẹn ló fi ń kú ní iná kíkún nìkan: ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá fà gidi ni awọ náà ń ká.

Bó o bá ń ra òmíràn, wo ara rẹ̀. Họ́ọ̀sì epo gidi máa ń ní àkọlé lára pé ti epo ni. Èyí tí kò ní àkọlé kankan, bó ti wù kó dán tó, fi í sílẹ̀. Ká a lọ́wọ́ kó o tó sanwó. Bó bá ṣẹ́ po níbi tó o ti ká a, á ṣẹ́ nínú ọkọ̀ náà. Pààrọ̀ pọ́ǹpù ọwọ́ pẹ̀lú rẹ̀, nítorí epo kan náà ló ti gba inú àwọn méjèèjì kọjá. Àmì ọfà wà lára pọ́ǹpù yẹn, ẹ́ńjìnnì ni kó kọjú sí. Kílíìpù oní-síkúrù ni kó o fi dè é, má fi okùn tàbí wáyà dè é. Wo òrùka rọ́bà kékeré tó wà ní ẹnu họ́ọ̀sì níbi tó ti ń wọ ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti ya, afẹ́fẹ́ á máa gba ibẹ̀ wọlé, wàá sì tún padà wá bá wa.

Mẹkáníìkì_Àpápá (Ọjọ́bọ̀, 5:03 ìrọ̀lẹ́)

Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n má tíì kó èrò. Awọ tó ń bó yẹn, díẹ̀ nínú rẹ̀ ti lè kọjá síwájú. Tú ife asẹ́ ara ẹ́ńjìnnì, fọ̀ ọ́. Tú ìsàlẹ̀ kabúrétọ̀, wò ó bóyá hóró dúdú kéékèèké wà níbẹ̀. Bó bá wà, fọ jẹ́ẹ̀tì, fi afẹ́fẹ́ fẹ́ ẹ. Má fi wáyà gún un, ihò yẹn á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, tú púlọ́ọ̀gì méjèèjì, nítorí ẹ́ńjìnnì yìí ti ń sáré láìrí epo tó. Kí ni àwọ̀ orí wọn?

ỌmọÌjẹ̀dẹ̀ (Ọjọ́bọ̀, 6:27 ìrọ̀lẹ́)

Ẹ̀gbọ́n, mo ti tú wọn. Ọ̀kan ní àwọ̀ bíi ti búrẹ́dì tí wọ́n yan. Èkejì funfun díẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n kò yọ́, kò sì wú. Hóró dúdú díẹ̀ wà nísàlẹ̀ kabúrétọ̀, mo ti fọ̀ ọ́.

Mẹkáníìkì_Àpápá (Ọjọ́bọ̀, 6:41 ìrọ̀lẹ́)

Ti àkọ́kọ́ yẹn dára. Èkejì ti ń gbẹ, ṣùgbọ́n kò tíì bàjẹ́. Ní kí mẹkáníìkì rẹ fi géèjì wọn agbára písítìn méjèèjì. Kì í ṣe iye tó bá jáde ni kẹ́ ẹ gbájú mọ́ jù, bí kò ṣe kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Bí wọ́n bá dọ́gba, so họ́ọ̀sì tuntun, fi epo tuntun sí i, jáde láìkó èrò lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o wá tún àwọ̀ púlọ́ọ̀gì wò nígbà tó o bá dé.

ÀtàriBàdágìrì (Ọjọ́bọ̀, 7:10 alẹ́)

Kí o sì ní táńkì kejì nínú ọkọ̀, kódà bó jẹ́ kékeré, pẹ̀lú họ́ọ̀sì tirẹ̀. Lójú ọ̀sà, yíyọ ọ̀kan fi òmíràn sí i kò gba àkókò.

Ẹlẹ́jaMàkókò (Ọjọ́ Ẹtì, 5:55 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o, mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín látẹ̀yìn. Tèmi kì í kú lójú ọ̀sà. Bí mo bá jí i, á máa ké dáadáa, ṣùgbọ́n bí mo bá ti ti jíà síwájú báyìí, á kú. Ṣé họ́ọ̀sì náà ni?

BàbáÀyétòrò (Ọjọ́ Ẹtì, 6:30 àárọ̀)

Rárá, tìrẹ yàtọ̀. Gbé ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì sókè, wo ìdí abẹ̀bẹ̀. Ìwọ tó ń lo àwọ̀n, òwú àwọ̀n ló kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn. Ó máa ń wọ́ sẹ́yìn abẹ̀bẹ̀ níbi tí ojú kò ti lè rí i, nítorí náà, tú abẹ̀bẹ̀ kúrò pátápátá kó o tó sọ pé kò sí. Bí òwú bá ti ń yí níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, á gé rọ́bà tó ń dènà omi. Tú ọ́ìlì jíà díẹ̀ wò. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá funfun bíi wàrà, omi ti wọlé, má wà á lọ sókun títí wọn ó fi pààrọ̀ rọ́bà yẹn. Bí kò bá sí òwú, tí ọ́ìlì sì mọ́, a jẹ́ pé iná jẹ́jẹ́ rẹ̀ ló lọ sílẹ̀ jù, síkúrù rẹ̀ wà lára kabúrétọ̀.

Kó o tó fọwọ́ kan abẹ̀bẹ̀ rárá, yọ wáyà gbogbo púlọ́ọ̀gì, kí ẹ́ńjìnnì má baà jí mọ́ ọ lọ́wọ́.